Fáànù ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí nọ́ńbà 4 nìkan: Ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti ohun tí eruku wúrà Johannesburg ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀

Bí ẹ bá ń gbé ní Johannesburg, ẹ ó mọ bí àárọ̀ oṣù Keje ṣe máa ń rí. Ìrì dídì ti bo koríko, èémí ń rú lẹ́nu èèyàn bí èéfín, gíláàsì iwájú ọkọ̀ sì ti ṣú bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀jò.

Ẹ wọ inú ọkọ̀, ẹ tan híítà. Ẹ yí fáànù sí nọ́ńbà 1, kò dáhùn. Ẹ yí i sí 2, kò dáhùn. Nọ́ńbà 3 náà dákẹ́. Ìgbà tí ẹ yí i dé nọ́ńbà 4 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bú sáriwo bí ẹ̀rọ ìlọta.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti bá ìṣòro yìí pàdé, yálà ní Johannesburg, ní Èkó tàbí ní London. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti náwó lé fáànù tuntun nígbà tí kì í ṣe fáànù ló bàjẹ́.

Ohun tó ń fà á kò ṣòroó mọ̀, bí èèyàn bá mọ ìtàn bí fáànù ṣe wọ inú ọkọ̀. Ní Johannesburg, ìtàn náà ní apá mìíràn. Ìlú yìí ti ń bá eruku àti ooru jà lábẹ́ ilẹ̀ kí ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Òfin rẹ̀ sì fi ọ̀pọ̀ ọdún mú kó nira fún èèyàn dúdú láti di ẹni tí wọ́n ń pè ní oníṣẹ́ ọwọ́.

Ìlú tó nílò híítà àti AC nínú ọdún kan náà

Johannesburg fi nǹkan bíi mítà 1,750 ga ju ojú òkun lọ. Ọyẹ́ tí à ń sá fún nílé kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù oṣù Kẹfà àti oṣù Keje níbẹ̀. Òru lè tutù dé ìwọ̀n bíi díígírì 4, ó sì máa ń já wálẹ̀ dé òdo nígbà mìíràn.

Bó bá di ìparí ọdún, ọ̀rọ̀ yí padà. Oòrùn á mú, òjò alárá á máa rọ̀ lọ́sàn-án, gíláàsì ọkọ̀ á sì tún máa ṣú, lọ́tẹ̀ yìí nítorí ọ̀rinrin.

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo dé lè má tíì fọwọ́ kan apá pupa tó wà lára bọ́tìnnì ìgbóná ọkọ̀ rí. Kò pẹ́ tó fi máa ń mọ̀ pé híítà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn ní ìlú yìí. Bí fáànù kò bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí gíláàsì, awakọ̀ kò ní rí iwájú.

Ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní AC, náà wúlò nínú òtútù, nítorí pé ó máa ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá tan AC àti híítà pa pọ̀, gíláàsì á tètè mọ́. Ṣùgbọ́n bí híítà tàbí AC bá dára tó, láìsí fáànù, ooru àti òtútù wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìjà pẹ̀lú eruku àti ooru bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀

Ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Langlaagte, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n dá Johannesburg sílẹ̀. Wúrà náà fọ́nká sínú òkúta líle. Kí wọ́n tó rí i, wọ́n ní láti gbẹ́ òkúta náà, kí wọ́n fi àdó olóró fọ́ ọ, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúnná.

Eruku òkúta yìí wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn awakùsà, ó sì fa àìsàn tí wọ́n ń pè ní silicosis, tó máa ń gba èémí mọ́ èèyàn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1930, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe ìpàdé àgbáyé lórí àìsàn náà ní Johannesburg, lábẹ́ àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO.

Eruku nìkan kọ́ ni ìṣòro wọn. Bí kòtò ìwakùsà bá ṣe ń jìn sí i ni òkúta inú rẹ̀ ń gbóná sí i. Nígbà tí ibi ìwakùsà Robinson Deep, ní gúúsù ìlú náà, ti jìn ju kìlómítà 2 lọ, ooru ibẹ̀ ti kọjá ohun tí fáànù lásán lè ṣẹ́gun.

Ní ọdún 1935, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù ńlá kan síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Carrier ló ṣe é, ìyẹn ilé iṣẹ́ Willis Carrier, ará Amẹ́ríkà tó ṣe àgbékalẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ìgbàlódé ní ọdún 1902. Fáànù ńláńlá ń ti afẹ́fẹ́ tútù náà lọ sísàlẹ̀ kòtò.

Kì í ṣe torí kí ara lè tu àwọn òṣìṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ èèyàn dúdú tí owó oṣù wọn kéré, ni wọ́n ṣe náwó yẹn. Torí kí iṣẹ́ má baà dúró ni. Ọdún 2019, ìyẹn ọdún 89 lẹ́yìn ìpàdé ọdún 1930, ni ilé ẹjọ́ gíga ní Johannesburg tó fọwọ́ sí àdéhùn tó tó bílíọ̀nù 5 rand fún àwọn awakùsà tí eruku náà ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ àti àwọn ẹbí wọn.

Lónìí, ibi ìdalẹ̀nù ńlá ìlú ló ń jẹ́ Robinson Deep. Ṣùgbọ́n àwọn òkìtì iyẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n kó jáde látinú kòtò ṣì wà káàkiri gúúsù ìlú. Bí atẹ́gùn oṣù Kẹjọ bá dé, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, eruku wọn á gbéra, á sì bà lé aṣọ tí wọ́n sá, lé orí tábìlì oúnjẹ, á sì wọ inú ọkọ̀.

Bí ooru àti òtútù ṣe wọ inú ọkọ̀

Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò nílò fáànù, torí pé kò sí òrùlé lórí púpọ̀ nínú wọn. Aṣọ òtútù àti ìbọ̀wọ́ ni híítà awakọ̀.

Ní ọdún 1893, obìnrin kan láti Chicago, Margaret Wilcox, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi ooru ẹ́ńjìnnì mú inú ọkọ̀ ojú irin gbóná. Nígbà tó fi máa di ọdún 1929, àwọn tó ra Ford Model A lè ní híítà tó ń gba ooru lára páìpù èéfín ọkọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èèyàn kò lè sọ iye ooru tó fẹ́.

Ilé iṣẹ́ Nash ní Amẹ́ríkà ló yí ọ̀rọ̀ náà padà ní ọdún 1938. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ni híítà tiwọn ń lò. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, asẹ́ kan ń gba eruku kúrò lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á sì wọlé pẹ̀lú ooru. Bí híítà ọkọ̀ òde òní ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Ọdún 1940 ni Packard ta ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ní AC láti ilé iṣẹ́. Dọ́là 274 ni wọ́n ń gbà lé owó ọkọ̀, owó ńlá sì ni nígbà náà. Ẹ̀rọ náà gba ààyè nínú búùtù, kò sì ní bọ́tìnnì tí èèyàn lè fi pa á. Bí ẹni tó ni ín kò bá fẹ́ òtútù mọ́, ó lè pa fáànù. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó lè dúró, àfi kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó sì yọ bẹ́líìtì rẹ̀.

Ní ọdún 1953, Chrysler gbé AC sínú ọkọ̀ Imperial. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà fún un, ipò mẹ́ta ló sì ní: kékeré, àárín àti púpọ̀. Awakọ̀ kò ní láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìka rẹ̀ ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa lágbára tó.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Nash kó híítà àti AC pọ̀ sójú kan náà. Ní ọdún 1964, Cadillac gbé èyí tó ń yan ooru àti agbára fáànù fúnra rẹ̀ jáde.

Kí ló wà láàárín nọ́ńbà 1 sí nọ́ńbà 4?

Iná bátìrì ọkọ̀ kì í yí padà torí pé ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀. Fóòtì 12 náà ló ń jáde. Báwo wá ni fáànù kan náà ṣe lè yí jẹ́jẹ́, kó sì tún yí kíkan?

Ìdáhùn rẹ̀ ti wà láti ọdún 1827, nígbà tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí wáyà ṣe lè dí iná lọ́wọ́. Bí iná bá ní láti gba inú ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kọjá, díẹ̀ ló máa dé òdìkejì. Ìyókù á di ooru.

Ohun tó ń ṣe ìdíwọ́ yìí nínú ọkọ̀ ni resistor. Ó kéré, kò ju ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan dì mú lọ. Wáyà tí wọ́n ká bí ìfun ló wà lórí púpọ̀ nínú wọn.

Bí ẹ bá yí fáànù sí nọ́ńbà 1, iná á gba gbogbo ìká wáyà náà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ fáànù. Ní nọ́ńbà 2 àti 3, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló máa gbà. Ní nọ́ńbà 4, kò ní ya ọ̀dọ̀ resistor rárá. Tààrà ló ń lọ bá fáànù.

Torí pé resistor máa ń gbóná gan-an, ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbé e sí, kí fáànù lè máa fẹ́ ẹ. Fíúsì kékeré kan sì wà lára púpọ̀ nínú wọn, tó máa ń já bí ooru bá pọ̀ jù. Bó bá ti já, nọ́ńbà 1, 2 àti 3 ti kú nìyẹn. Nọ́ńbà 4 nìkan ló ṣẹ́ kù, torí pé òun kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí fáànù ń sọ fún yín

Bí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ lórí nọ́ńbà tó ga jù nìkan, resistor ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Fáànù tó lè yí kíkan ní nọ́ńbà 4 kò tíì kú.

Bó bá ń ṣiṣẹ́ lórí 1, 2 àti 3, ṣùgbọ́n tó kọ̀ lórí 4, kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ resistor. Ẹ wo relay, fíúsì tàbí bọ́tìnnì ọ̀nà tààrà yẹn.

Bí kò bá dáhùn lórí nọ́ńbà kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi fíúsì, kí ẹ tó wo wáyà, bọ́tìnnì àti fáànù fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó máa ń yí bí ẹ bá fọwọ́ gbá a lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, fáànù ló ti ń jẹ tán nínú.

Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ yín jẹ́ èyí tó ń yan agbára fáànù fúnra rẹ̀, ó lè má ní resistor oníwáyà kíká. Ẹ̀rọ kékeré mìíràn tó ń ṣàkóso iná ló wà níbẹ̀. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, fáànù lè máa sáré, kó máa dúró, tàbí kó kọ̀ láti kú lẹ́yìn tí ẹ ti pa ọkọ̀.

Kí ló wá ń pa resistor? Ibí ni eruku ti wọlé. Bí asẹ́ afẹ́fẹ́ bá ti dí, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó máa tu resistor lára kò ní tó mọ́. Bí eruku tàbí ewé bá sì wọ inú fáànù, yíyí rẹ̀ á nira, á máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Ooru á pọ̀ sí i, fíúsì á já. Nígbà mìíràn, rọ́bà tí wọ́n fi so wáyà mọ́ ọn á yọ́ bí àbẹ́là.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó bá pààrọ̀ resistor láì wo asẹ́, láì fọ fáànù, tí kò sì pààrọ̀ orí wáyà tó ti jóná, á tún padà wá ra òmíràn.

Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà lásán so fíúsì tó já, tàbí kó fi èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀. Fíúsì já kí ọkọ̀ má baà jóná ni.

Ta ni òfin gbà láàyè láti di oníṣẹ́ ọwọ́?

Ohun tí a ṣàlàyé yìí, ọmọ iṣẹ́ lè mọ̀ ọ́n láàárín oṣù díẹ̀ bí ọ̀gá bá fi hàn án. Ṣùgbọ́n ní South Africa, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni òfin fẹ́ kó ní ọ̀gá.

Òfin ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún 1922 ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti kàwé dé Standard 6. Òfin náà kò dárúkọ àwọ̀ ara, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ dúdú tó láǹfààní láti kàwé débẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1926, òfin mìíràn ti ilẹ̀kùn àwọn iṣẹ́ kan níbi ìwakùsà mọ́ wọn. Òfin ọdún 1956 tún fún mínísítà lágbára láti ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kan.

Síbẹ̀, ọkọ̀ ń bàjẹ́ ní Soweto àti ní Alexandra, ẹnì kan sì ní láti tún un ṣe. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò, láìsí ìwé ẹ̀rí.

Iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i nígbà tí bọ́ọ̀sì akérò kékeré dé. Òfin ìrìnnà ọdún 1977 ló fi àyè sílẹ̀ fún takisí tó ń gbé èrò 8. Lẹ́yìn ọdún 1987, tí ìjọba yí ìlànà rẹ̀ padà, ọkọ̀ èrò 16 gba ojú pópó kan. Toyota HiAce di ohun tí danfo jẹ́ fún ará Èkó.

Ẹ wo èèyàn 16 nínú bọ́ọ̀sì kan láago márùn-ún ìdájí nínú oṣù Kẹfà. Gbogbo wọn ń mí, èémí wọn sì ń di omi lára gíláàsì. Bí fáànù bá kú, aṣọ ni awakọ̀ á máa fi nu ojú gíláàsì bó ṣe ń sáré lọ. Ẹ̀mí èèyàn 16 ló wà lọ́wọ́ ohun kékeré tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn.

Ìgbìmọ̀ Wiehahn dábàá ní ọdún 1979 pé kí wọ́n fòpin sí yíya iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kan, òfin náà sì ń tú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ogún rẹ̀ kò parẹ́. Mẹkáníìkì ẹ̀yìnkùlé ṣì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ọkọ̀ wọn lọ bá títí di òní.

Àwọn ríwáyà tó ti Nàìjíríà dé

Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1994, àwọn ọmọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Hillbrow, Berea, Yeoville àti Rosettenville. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀, mẹkáníìkì àti àwọn tí à ń pè ní ríwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, wà lára wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ tiwọn yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tó máa bi ọmọ iṣẹ́ léèrè Standard 6. Òbí á mú un lọ bá ọ̀gá, á sìn ín fún ọdún mélòó kan, wọ́n á sì ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún un pẹ̀lú àdúrà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ṣùgbọ́n ìwé fìrídọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri ní Mushin kò já mọ́ nǹkan kan fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní Johannesburg.

Wọ́n tún ní láti kọ́ ọwọ́ tuntun. Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì ojú ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972. South Africa kò yí padà. Nítorí náà, fáànù àti resistor, tó sábà máa ń wà lábẹ́ píjìnhóòlù níwájú èrò, á wà lọ́wọ́ ọ̀tún ní Ladipo, á sì wà lọ́wọ́ òsì ní Jeppestown.

Jeppestown náà ló jóná ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí ìkọlù sí àwọn àjèjì bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dáná sun ilé ìtajà ọkọ̀ àti àwọn ọkọ̀ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, bàálù Air Peace kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní 180 padà sí Èkó. Àwọn mìíràn dúró, wọ́n gbá eérú kúrò, wọ́n sì tún ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Láti ọdún 1922 tí òfin ti ń sọ ẹni tó lè kọ́ iṣẹ́, títí di ọdún 2019 tí àwọn jàǹdùkú ń sọ ẹni tó lè ṣe é, ìbéèrè kan náà ló ń yọjú ní ìlú yìí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ kì í sábà béèrè ibi tí mẹkáníìkì ti wá. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ó mọ iṣẹ́, ṣé kò sì ní rẹ́ òun jẹ.

Nítorí náà, bí fáànù ọkọ̀ yín bá kọ̀ láti dáhùn àfi lórí nọ́ńbà 4, ẹ má tíì ra fáànù. Ẹ sọ fún ríwáyà yín pé kó yọ ẹsẹ̀ bátìrì, kó tú píjìnhóòlù, kó yọ resistor, kó sì jẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí i. Lẹ́yìn náà, kó yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, kó gbọ̀n ọ́n sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìparí oṣù Kẹjọ ni, tí ilé yín kò sì jìnnà sí àwọn òkìtì iyẹ̀pẹ̀ gúúsù Johannesburg, ẹ wo ohun tó máa jábọ́ látinú asẹ́ yẹn dáadáa. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ ara òkúta tí àwọn awakùsà fi ẹ̀dọ̀fóró wọn san owó rẹ̀.